Allen Whipple àti Iṣẹ́ Abẹ Páńkíríásì: Ẹ̀kọ́ Inú Ìṣubú

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Òwe yìí kì í ṣe àjèjì sí olùkọ́ Yorùbá kankan. A ti fi í ṣe ìdánwò fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láìmọye ìgbà, a sì ti gba ìdáhùn tí ó tọ́ lọ́wọ́ wọn: ohun tí ó gbé àgbà ṣubú ni ó ń bojú wẹ̀yìn láti rí, kí ó má baà tún gbé òun tàbí ẹlòmíràn ṣubú. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ fi ìtàn oníṣẹ́ abẹ kan tí ó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Columbia, ní ìlú New York, ṣe àpẹẹrẹ òwe náà. Orúkọ rẹ̀ ni Allen Oldfather Whipple. A bí i ní ọdún 1881, ó sì kú ní ọdún 1963.

Orúkọ ọkùnrin yìí ni àwọn oníṣègùn káàkiri ayé fi ń pe iṣẹ́ abẹ tí a fi ń gé orí páńkíríásì kúrò nínú ikùn. Nítorí èyí, bí a bá béèrè pé ta ni ó kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ìdáhùn tí ó máa ń yá lẹ́nu ni pé Whipple ni. Ìdáhùn náà kò tọ̀nà. A ó fi hàn pé àwọn mìíràn ti ṣáájú rẹ̀, àti pé ẹni àkọ́kọ́ tí òun fúnra rẹ̀ ṣe é fún kú. Ohun tí ó sọ ọ́ di ẹni ńlá ni bí ó ti wádìí ikú yẹn, tí ó wá àtúnṣe sí i, tí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè kà á.

Ẹ̀yà ara tí à ń sọ

Páńkíríásì jẹ́ ẹ̀yà ara kan tí ó rọ̀, tí ó gùn tó bíi sẹ̀ǹtímítà 15, tí ó sì nà gbọọrọ sí ẹ̀yìn àpò oúnjẹ, níwájú egungun ẹ̀yìn. Orí rẹ̀ wà ní apá ọ̀tún, níbi tí ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kékeré ti wé mọ́ ọn bí apá ìyá ti í wé mọ́ ọmọ. Ìrù rẹ̀ nà lọ sí apá òsì. Iṣẹ́ méjì ni ó ń ṣe. Èkíní, ó ń ṣe omi kan tí ń mú kí oúnjẹ dà. Omi yìí ń gba ọ̀pá tóóró kan wọ inú ìfun. Èkejì, ó ń ṣe ínsúlínì, èyí tí ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ lọ tààrà láti ṣe àkóso ṣúgà ara. Bí ínsúlínì bá wọ́n nínú ara, àtọ̀gbẹ ni ó ń fà.

Ó yẹ kí a ṣe àkíyèsí kan níhìn-ín nítorí àwa olùkọ́ èdè. A máa ń rí i nínú àwọn ìtúmọ̀ kan pé òróòro ni wọ́n pe páńkíríásì. Èyí lè ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Òróòro ni omi kíkorò tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe. Gbogbo ẹni tí ó bá ti pa adìẹ rí ni ó mọ̀ pé bí ó bá bẹ́ sára ẹran, ẹran náà kò ṣe é jẹ mọ́. Páńkíríásì kì í ṣe òróòro. Aládùúgbò ni wọ́n. Ọ̀pá tí òróòro ń gbà sọ̀kalẹ̀ láti inú ẹ̀dọ̀ kọjá nínú orí páńkíríásì, ó sì pàdé ọ̀pá ti páńkíríásì kí àwọn méjèèjì tó jọ wọ inú ìfun ní ojú kan ṣoṣo. Orúkọ Abraham Vater, onímọ̀ ẹ̀yà ara kan tí ó jẹ́ ará Jámánì, ni wọ́n fi ń pe oríta náà. Bí a bá fún àwọn aládùúgbò méjèèjì yìí ní orúkọ kan náà, a kò ní rí ọ̀nà ṣàlàyé bí àìsàn tí ó mú ọ̀kan ṣe ń dí ọ̀nà mọ́ èkejì. Ìdí nìyí tí a fi yá orúkọ páńkíríásì lò nínú àpilẹ̀kọ yìí, tí a sì fi òróòro sílẹ̀ fún ohun tí àwọn baba wa fi í pè.

Bí jẹjẹrẹ bá hù ní orí páńkíríásì tàbí ní oríta Vater, òróòro kò ní rí ọ̀nà sọ̀kalẹ̀ mọ́. Yóò padà sínú ẹ̀jẹ̀. Ojú aláìsàn yóò pọ́n bí ẹyin adìẹ, ìtọ̀ rẹ̀ yóò dúdú, ìgbẹ́ rẹ̀ yóò funfun bí ẹfun, gbogbo ara yóò sì máa yún un. Àwọn tí ó wà nítòsí rẹ̀ lè rò pé ibà pọ́njú lásán ni, kí wọ́n sì máa fún un ní àgbo ibà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ni ó dí. Bí a kò bá ṣí ọ̀nà náà, kò sí àgbo tí ó lè ṣe é.

Ohun mẹ́ta tí ó mú ibẹ̀ ṣòro

Láti ìgbà tí oògùn akunnilóorun ti dé ní ọdún 1846, tí Joseph Lister sì ti kọ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ ní ọdún 1867 bí a ṣe ń dènà kí egbò má ṣe kẹ̀, ni wọ́n ti ń gbójú sí inú ikùn láti ṣiṣẹ́. Wọ́n gé lára àpò oúnjẹ, wọ́n gé ìfun, wọ́n yọ àpò òróòro. Ṣùgbọ́n orí páńkíríásì kò rọrùn fún wọn rárá. Ohun mẹ́ta ni ó fà á.

Èkíní ni ibi tí ó wà. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ńláńlá, pàápàá èyí tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ẹ̀dọ̀, kọjá lẹ́yìn rẹ̀ gan-an. Bí ọ̀bẹ bá ṣì wọ́n gé, ẹ̀jẹ̀ lè gbẹ lára aláìsàn kí a tó mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Bákan náà, orí páńkíríásì àti ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kékeré ń jọ mu láti ara iṣan ẹ̀jẹ̀ kan náà, nítorí náà a kò lè mú ọ̀kan kí a fi èkejì sílẹ̀.

Èkejì ni omi páńkíríásì fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti da ẹran tí a jẹ. Bí ó bá jò sínú ikùn, kò mọ̀ pé ara ẹni tí ó ni ín ni òun dé. Yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ bí ìgbà tí ó ń da oúnjẹ.

Ẹ̀kẹta ni ẹ̀jẹ̀ tí kì í dì. Ó pẹ́ tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ti ń rí i pé bí wọ́n bá fi ọ̀bẹ kan ẹni tí ojú rẹ̀ ti pọ́n fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í dá. Wọn kò mọ ìdí rẹ̀.

Àwọn tí ó ṣáájú

Ní ọdún 1898, ní ìlú Imola ní ilẹ̀ Ítálì, Alessandro Codivilla gé orí páńkíríásì pọ̀ mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ìfun àti apá kan àpò oúnjẹ. Aláìsàn náà kò lo oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀ kí ó tó kú. Ní ọdún kan náà ní Baltimore, ní Amẹ́ríkà, William Halsted gé jẹjẹrẹ kan kúrò ní oríta Vater láìgbé gbogbo orí páńkíríásì. Ní ọdún 1909, ní ìlú Berlin, Walther Kausch pín iṣẹ́ náà sí ìpele méjì: ó kọ́kọ́ ṣí ọ̀nà fún òróòro kí ojú aláìsàn lè funfun, lẹ́yìn náà ni ó padà wá gé orí páńkíríásì. Aláìsàn náà lo nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án sí i láyé. Kausch tẹ ìròyìn iṣẹ́ náà jáde ní ọdún 1912.

Ó hàn gbangba, nígbà náà, pé ó tó ọdún 20 lẹ́yìn tí Kausch ṣe tirẹ̀ kí Whipple tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń fi orúkọ àwọn méjèèjì pè é, Kausch àti Whipple pọ̀. Kí wá ni ìdí tí iṣẹ́ àwọn tí ó ṣáájú kò fi fìdí múlẹ̀? Ìdí ni pé ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ṣe. Ẹni tí ó bá ṣe é lẹ́ẹ̀kan, tí aláìsàn rẹ̀ sì kú tàbí tí ó yè fún oṣù díẹ̀, ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Kò tíì fi hàn bí a ṣe lè ṣe é kí ó sì dára. Àárín gbólóhùn méjèèjì yìí ni iṣẹ́ Whipple wà.

Ta ni Whipple?

Àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ oníwàásù láti Amẹ́ríkà. Ìlú Urmia ní ilẹ̀ Páṣíà, tí à ń pè ní Iran lónìí, ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ìyìn rere nígbà tí wọ́n bí i. Láàárín àwọn Kristẹni ilẹ̀ náà tí ń sọ èdè Síríákì ni ó gbé ṣe ọmọdé. Ó padà sí Amẹ́ríkà fún ẹ̀kọ́. Ó gba oyè ní Princeton ní ọdún 1904, ó sì gba oyè ìṣègùn ní Columbia ní ọdún 1908. Ní ọdún 1921 ó di ọ̀jọ̀gbọ́n iṣẹ́ abẹ níbẹ̀ àti olórí ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn Presbyterian. Ipò náà ni ó wà títí di ọdún 1946. Olùkọ́ ni, ó sì ń ṣe àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn rẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Ó máa ń tẹ̀lé wọn dé ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti lọ sí ilé.

Ìṣubú àti ohun tí ó kọ́ ọ

Ní ọdún 1934, Whipple ṣe iṣẹ́ abẹ fún ẹnì kan tí ó ní jẹjẹrẹ ní oríta Vater. Ó gé e kúrò, ó sì rán àwọn ohun tí ó gé padà mọ́ ara wọn. Òwú tí ó fi rán an ni èyí tí wọ́n fi ìfun àgùntàn ṣe. Òwú yìí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ oníṣẹ́ abẹ ń lò nígbà náà, nítorí pé lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan yóò yọ́ nínú ara fúnra rẹ̀. Aláìsàn náà kú lẹ́yìn nǹkan bí ọgbọ̀n wákàtí.

Ó rọrùn láti sọ pé àìsàn náà ni ó pa á. Kò sí ẹni tí ìbá bá Whipple jiyàn. Jẹjẹrẹ ni, ibi tí ó wà kò dára, àwọn tí ó ṣáájú pàápàá kò rí i ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n wọ́n la òkú náà láti wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Wọ́n rí i pé ojú ìrán ti já. Omi páńkíríásì ti da òwú náà bí ó ti í da ẹran. Bí a bá sì rò ó wò, kò yani lẹ́nu: ìfun àgùntàn ẹran ni, iṣẹ́ omi náà sì ni láti da ẹran. Kì í ṣe jẹjẹrẹ ni ó pa aláìsàn yìí, kì í sì í ṣe ọ̀bẹ. Òwú ni.

Láti ìgbà náà, òwú sílíkì ni Whipple ń lò fún iṣẹ́ yìí. Sílíkì kì í ṣe àjèjì sí i. Ó ti kọ̀wé nípa ìwúlò rẹ̀ fún rírán egbò ní ọdún 1933. Àwa náà mọ ìbátan òwú yìí, nítorí láti ara ìtẹ́ kòkòrò inú igbó ni àwọn ìyá wa ti ń rí òwú tí a fi ń hun sányán, a sì mọ bí sányán ti í pẹ́ tó nínú àpótí àgbà. Omi páńkíríásì kò rí òwú sílíkì jẹ bí ó ti jẹ tàkọ́kọ́. Whipple sì gba ọ̀nà ìpele méjì: ó kọ́kọ́ ṣí ọ̀nà fún òróòro, ó dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ara aláìsàn lè gbà, kí ó tó padà wá gé ohun tí ó yẹ kí ó gé. Àwọn méjì tí ó tẹ̀lé ẹni àkọ́kọ́ yìí yè, wọ́n sì padà sí ilé wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò pẹ́ láyé lọ títí.

Ní ọdún 1935, Whipple pẹ̀lú àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ méjì, Parsons àti Mullins, tẹ ìròyìn àwọn aláìsàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde. Ó yẹ kí a kíyè sí nọ́ńbà yìí. Mẹ́ta ni wọ́n kọ. Wọn kò kọ méjì. Ẹni tí ó kú wà nínú ìwé pẹ̀lú àwọn tí ó yè, ohun tí ó pa á sì wà níbẹ̀. Ká ní wọ́n fi tirẹ̀ pamọ́ ni, ẹlòmíràn ní ìlú mìíràn ìbá tún fi òwú ìfun àgùntàn rán ojú ọ̀nà páńkíríásì, aláìsàn mìíràn ìbá sì kú nítorí òwú. Èyí ni ohun tí òwe wa ń sọ. Àgbà kì í bojú wẹ̀yìn nítorí ara rẹ̀ nìkan. Àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn ni ó ń rò.

Adìẹ ní Copenhagen, iṣẹ́ abẹ ní New York

Ọ̀ràn ẹ̀jẹ̀ tí kì í dì ṣì kù. Ìdáhùn rẹ̀ kò ti yàrá iṣẹ́ abẹ wá rárá. Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ adìẹ ni ó ti wá. Ní ìlú Copenhagen, Henrik Dam ń fi oúnjẹ tí kò ní ọ̀rá bọ́ àwọn ọmọ adìẹ láti mọ ohun tí yóò ṣe wọ́n. Ó rí i pé ẹ̀jẹ̀ ń ya lára wọn, kì í sì í dì. Ìwádìí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1929. Ní ọdún 1935 ó pe ohun tí oúnjẹ wọn ṣe aláìní ní fítámì K, láti inú lẹ́tà tí ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Denmark àti Jámánì fi ń pe dídì ẹ̀jẹ̀. Ní ọdún 1943 wọ́n fún òun àti Edward Doisy ní ẹ̀bùn Nobel.

Fítámì yìí ń bá ọ̀rá rìn ni. Òróòro ni ó sì ń mú kí ìfun lè gba ọ̀rá. Bí òróòro kò bá dé inú ìfun, fítámì K inú oúnjẹ yóò kọjá lásán, ẹ̀jẹ̀ kò sì ní lè dì. A wá mọ̀ ìdí tí ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ojú wọn pọ́n kì í fi í dá. Bí a bá fún wọn ní fítámì náà ní ọ̀nà tí kò nílò òróòro, ẹ̀jẹ̀ wọn yóò tún máa dì. Nígbà tí ó fi di ọdún 1940, kò pọn dandan mọ́ láti pín iṣẹ́ náà sí méjì.

Ọ̀nà tí Whipple gbà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní ìpele kan ṣoṣo jẹ́ ohun ìyanu. Ní oṣù kẹta ọdún 1940, ó la ikùn aláìsàn kan tí wọ́n rò pé àpò oúnjẹ ni kókó rẹ̀ wà. Ó ti gé àpò oúnjẹ ná kí ó tó rí i pé orí páńkíríásì ni kókó náà ti hù. Kò sí ọ̀nà àtipadà. Bẹ́ẹ̀ sì ni ojú aláìsàn yìí kò pọ́n, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń dì. Whipple ṣe gbogbo iṣẹ́ náà tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni yìí lo nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án sí i láyé. Láti ọjọ́ náà ni iṣẹ́ onípele kan ti di àṣà.

A kò gbọdọ̀ rò pé ohun gbogbo tí Whipple kọ́kọ́ ṣe ni ó tọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó máa ń di ẹnu ìyókù páńkíríásì pa, kò so ó mọ́ ìfun. Nígbà tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé omi náà máa ń jò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í so ó mọ́ ìfun. Ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, iṣẹ́ abẹ yìí tí ó ṣe kò ju 37 lọ. Iye náà kéré, ṣùgbọ́n ó kọ́ nǹkan lára wọn.

Ìgbà tí kò yẹ kí a lo ọ̀bẹ

Ẹ̀kọ́ kejì tí Whipple fi sílẹ̀ kò ní í ṣe pẹ̀lú gígé. Mímọ ìgbà tí kò yẹ kí a gé ni. Kókó kékeré kan wà tí ó máa ń hù lára páńkíríásì, tí ó sì máa ń da ínsúlínì sínú ẹ̀jẹ̀ láìdúró. Ṣúgà ẹni tí ó bá ní in yóò lọ sílẹ̀. Yóò máa làágùn, yóò máa gbọ̀n, ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè dàrú, ó sì lè dákú. Ní ọdún 1929, ní Toronto, Roscoe Graham yọ irú kókó bẹ́ẹ̀, aláìsàn náà sì gbádùn. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ ti ń la ikùn àwọn tí ń dákú láti wá kókó. Wọn kì í sì í rí i lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, nítorí pé ohun tí ń mú ènìyàn dákú pọ̀.

Whipple gbé ìlànà mẹ́ta kalẹ̀. Kí àìsàn náà máa dé nígbà tí ènìyàn kò bá tíì jẹun tàbí tí ó bá ṣiṣẹ́ agbára. Kí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ojú àìsàn náà má ṣe tó mílígíráàmù 50 nínú mílílítà 100. Kí ara rẹ̀ sì padà bọ̀ sípò bí a bá fún un ní ṣúgà. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ pé kí a tó ronú ọ̀bẹ. Bí ọ̀kan bá kù, kí a wá ibòmíràn wò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ṣì ń kọ́ ìlànà yìí pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ títí di òní. Àwa olùdánwò kò ní pẹ́ mọ ìwúlò rẹ̀, nítorí pé bí a ti ń ṣe máàkì nìyẹn: àmì kan ṣoṣo kò tó láti dájọ́.

Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dé orí

Ohun mìíràn tí Whipple rí ni pé bí oníṣẹ́ abẹ ti wù kí ó mọṣẹ́ tó, bí ẹni tí ń kun aláìsàn lóorun kò bá mọ tirẹ̀, òfo ni. Ní Amẹ́ríkà nígbà náà, àwọn nọ́ọ̀sì ni ó sábà máa ń ṣe iṣẹ́ yìí, kò sì sí ẹ̀kọ́ gíga púpọ̀ lórí rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ abẹ lábẹ́ rẹ̀ ni Virginia Apgar, obìnrin kan tí ó gba oyè ìṣègùn ní Columbia ní ọdún 1933. Whipple gbà á nímọ̀ràn pé kí ó fi iṣẹ́ abẹ sílẹ̀, kí ó lọ kọ́ nípa oògùn akunnilóorun. Ìdí méjì ni ó ní: iṣẹ́ náà ń fẹ́ ọlọ́pọlọ pípé, òun sì ti rí àwọn obìnrin tí wọ́n kọ́ iṣẹ́ abẹ tí wọn kò rí iṣẹ́ náà jẹ lẹ́yìn rẹ̀.

A lè yin ìmọ̀ràn yìí, a sì lè bá a wí. Ayé ìgbà náà kò ṣe ìdájọ́ òdodo fún obìnrin tí ó fẹ́ mú ọ̀bẹ, Whipple kò sì bá ayé jà lórí rẹ̀. Síbẹ̀, Apgar gbọ́, ó lọ kọ́ ọ, ó sì padà di olórí ẹ̀ka náà ní ọdún 1938. Ní ọdún 1949 ó di ọ̀jọ̀gbọ́n. Òun ni ó ṣe ìlànà tí àwọn agbẹ̀bí fi ń yẹ ọmọ tuntun wò ní ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn ìbí, èyí tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1953. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa tí a bí ní ilé ìwòsàn ni wọ́n ti fi ìlànà Apgar yẹ̀ wò kí àwa tó fi ojú kàn wọ́n.

Àríyànjiyàn lẹ́yìn ikú rẹ̀

Whipple kú ní ọdún 1963. Ní àsìkò náà, iṣẹ́ abẹ tí a fi orúkọ rẹ̀ pè ṣì ń pa ènìyàn púpọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn, nínú aláìsàn mẹ́rin, a lè rí ọ̀kan tí kò ní kúrò níbẹ̀ láàyè. Ní ọdún 1970, George Crile kékeré, oníṣẹ́ abẹ ní ìlú Cleveland, kọ̀wé pé kí a jáwọ́ nínú rẹ̀ fún jẹjẹrẹ páńkíríásì, kí a kàn máa ṣí ọ̀nà fún òróòro kí ara lè tu aláìsàn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Bí oògùn bá ń pa ju àrùn lọ, ó yẹ kí a bi ara wa léèrè.

Ìdáhùn tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún un kò jẹ́ ti ẹnu lásán. Wọ́n padà sí ibi tí Whipple fi ẹsẹ̀ lé: wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn tí ó kú, wọ́n ń wo ohun tí ó pa wọ́n. Ní ọdún 1993, John Cameron àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins, ní Baltimore, ròyìn pé àwọn ti ṣe iṣẹ́ abẹ yìí fún ènìyàn 145 léraléra láìsí ẹni tí ó kú nínú wọn. Ní ọdún 2002, John Birkmeyer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé láàárín àwọn arúgbó Amẹ́ríkà tí a gé páńkíríásì wọn, ikú jẹ́ 16.3 nínú 100 ní àwọn ilé ìwòsàn tí kì í ṣe é púpọ̀ rárá, ṣùgbọ́n 3.8 nínú 100 ni ní àwọn ibi tí wọ́n ti ń ṣe é jù lọ. Iṣẹ́ kan náà ni, orúkọ kan náà ni. Ìyàtọ̀ wà nínú iye ìgbà tí ọwọ́ ti ṣe é àti bí àwọn tí ó yí i ká ti mọ iṣẹ́ wọn sí. Lóòótọ́, kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó bá jí lórí tábìlì ni ó bọ́ lọ́wọ́ jẹjẹrẹ. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà ó máa ń padà. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù tí Crile ní, pé iṣẹ́ abẹ náà fúnra rẹ̀ ni yóò pa aláìsàn, ti dínkù gidigidi ní ibi tí ọwọ́ ti mọ́ ọn lára.

Àgbálọgbábọ̀

Lẹ́yìn tí Whipple fẹ̀yìn tì, ó padà sí ọ̀rọ̀ ìlú tí wọ́n gbé bí i. Ó kọ ìwé kan lórí ipa tí àwọn Kristẹni Nestorius àti àwọn Mùsùlùmí kó nínú ìtàn ìṣègùn. Ọdún 1967, lẹ́yìn ikú rẹ̀, ni ìwé náà jáde. Ohun tí ó wà nínú ìtàn náà kan àwa olùkọ́ èdè gbọ̀ngbọ̀n. Àwọn Kristẹni tí ń sọ Síríákì wà lára àwọn tí ó tú ìwé ìṣègùn àwọn ará Gíríìkì sí èdè Síríákì àti Lárúbáwá. Ẹni tí ó lókìkí jù nínú wọn ni Hunayn ibn Ishaq, tí ó gbé ní Baghdad, tí ó sì kú ní ọdún 873. Hunayn kọ ìwé kan tí ó fi ka àwọn ìwé Galen tí ó ti tú. Nínú rẹ̀ ni ó ti sọ pé ìwé kan wà tí òun tú nígbà tí òun wà ní ọmọ nǹkan bí ogún ọdún, láti inú ẹ̀dà tí ó ní àbùkù púpọ̀, àti pé nígbà tí òun di ẹni ogójì ọdún, òun kó àwọn ẹ̀dà mìíràn jọ, òun sì tún un ṣe.

Atúmọ̀ èdè ni Hunayn, oníṣẹ́ abẹ ni Whipple. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún ó lé díẹ̀ ni ó wà láàárín wọn. Ṣùgbọ́n ìwà kan náà ni wọ́n hù: wọ́n sọ ibi tí wọ́n ti ṣubú, wọ́n sì sọ ohun tí ó gbé wọn ṣubú. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ lo ìtàn yìí fún àkàyé tàbí fún àròkọ, ẹ jẹ́ kí a yẹra fún ìbéèrè tí ó ní, "Ta ni ó kọ́kọ́ ṣe é?" Ìbéèrè tí ó tọ́ ni, "Kí ni ó ṣe lẹ́yìn tí kò bọ́ sí i?" Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lè dáhùn ìyẹn ti mọ ìtàn Whipple. Ó sì ti mọ òwe tí a fi bẹ̀rẹ̀.